Babátúndé Fáfúnwá: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Fi Èdè Abínibí Kọ́ Ọmọdé Ní Sáyẹ́nsì

Bí a bá ń ka àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a kò lè ṣe aláìdárúkọ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí mínísítà ètò ẹ̀kọ́; àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó kọ ìwé lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ní ìtumọ̀ jù lọ fún ọmọ Yorùbá ni èyí tí ó dá sílẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti fi èdè ìyá wọn kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́nsì fún odindi ọdún mẹ́fà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1923. CMS Grammar School ní Èkó ni ó ti kàwé. Ní ayé ìgbà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà ọlà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ìyà ni fún ọmọ tí ó bá sọ èdè abínibí rẹ̀ nínú ọgbà. Ọmọ a máa kọ́ orúkọ àwọn òdòdó ilẹ̀ òkèèrè sórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ewúro ẹ̀yìnkùlé wọn.

Láti Èkó ni Fáfúnwá ti ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Bethune-Cookman ní ìpínlẹ̀ Florida, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Mary McLeod Bethune, ọmọ àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, dá sílẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1950. Ó tẹ̀síwájú lọ sí Yunifásítì New York, ó gba oyè kejì ní 1951, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ó padà dé, kò fi ara mọ́ ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní 1961 ó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, láàárín àwọn Ígbò, ó sì di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní 1966 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Nígbà tí rògbòdìyàn dé sí orílẹ̀-èdè, ó padà sí ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì tẹ̀dó sí Yunifásítì Ifẹ̀.

Ní Ifẹ̀ ni ó ti gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí àwọn alákòóso ìjọba kò kà sí. Bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sáyẹ́nsì, tí ọmọ Japan ń fi èdè Japan kọ́ ọ, kí ni ó dé tí ọmọ Yorùbá fi ní láti kọ́kọ́ sọ èdè tirẹ̀ nù kí ó tó mọ ìdí tí omi fi ń hó?

Dípò kí ó máa jiyàn lẹ́nu lásán, ó dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Kíláàsì méjì ni a ó fi Yorùbá kọ́ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú yóò sì máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Kíláàsì kẹta wà fún ìfiwéra: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n kọ ìwé tuntun ní èdè Yorùbá fún ìṣirò, fún sáyẹ́nsì àti fún ìmọ̀ àwùjọ.

Ohun tí ètò náà yí padà hàn kedere bí a bá wo ohun kékeré kan. Ọmọ tí ó bá ti dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò mọ̀ pé omi a máa kán láti abẹ́ ìdérí ìkòkò. Bí olùkọ́ bá gbé ìkòkò ka iná níwájú kíláàsì, tí ó sì fi Yorùbá bi àwọn ọmọ léèrè ibi tí omi náà ti wá, ọwọ́ púpọ̀ ni yóò nà sókè. Ọ̀kan yóò ní ooru omi ni; èkejì yóò bèèrè ohun tí ó sọ ooru di omi; ẹ̀kẹta yóò fi ìdérí tútù àti ìdérí gbígbóná wé ara wọn. Ìbéèrè, àyẹ̀wò àti ìdáhùn: ìpìlẹ̀ sáyẹ́nsì nìyẹn. Bí a bá fi èdè tí kò yé wọn bi ìbéèrè kan náà, ọ̀rọ̀ ni ọmọ yóò máa wá kiri, kì í ṣe ìdí. Níkẹyìn yóò há ìdáhùn olùkọ́ sórí, yóò sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.

Èsì tí ó jáde ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́nsì àti nínú ìmọ̀ àwùjọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Àwọn kan ta kò ó, wọ́n ní bóyá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe ni ó fà á. A tan ètò náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n iyàn náà kò tán.

Fáfúnwá fẹ̀yìntì ní Ifẹ̀ ní 1978. Ní 1990 ìjọba Ọ̀gágun Babangida fi í jẹ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó sì wà nípò náà títí di 1992. Nígbà tirẹ̀ ni olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991. Àbújá yìí kan náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 2010, lẹ́ni ọdún 87.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún 2025, a ti fagi lé e, a sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà lẹ́yìn odi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní Modákẹ́kẹ́, èdè kan ni gbogbo kíláàsì ń sọ. Kíláàsì kan ní Garki tàbí ní Nyanya lè ní ọmọ Gbagyi, Haúsá, Ígbò, Tiv àti Yorùbá nínú. Kò sí olùkọ́ tí yóò lè fi èdè gbogbo wọn ṣe àlàyé ìkòkò tí ó ń hó. Ìlànà yòówù kí ìjọba mú, Yorùbá kò lè jẹ́ èdè ìkọ́ni níbẹ̀.

Ilé ni ó kù. Epo tí ó léfòó lórí omi, ẹ̀gẹ́ tí ó kan nínú omi, aṣọ tí oòrùn fà gbẹ: kò sí èyí tí ó nílò yàrá àyẹ̀wò. Òbí tí ó bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ìdí wọn ní Yorùbá, tí ó sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí, ń ṣe nínú ilé ohun tí Fáfúnwá ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Kò sì yẹ kí ó bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà yóò bàjẹ́, nítorí àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ ti fi hàn pé ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ti ń ronú ní èdè kan lè gbé ìrònú náà wọ òmíràn.