Paul Cuffe àti Ọkọ̀ Ìgbòkun Rẹ̀

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Paul Cuffe, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1759. Kofi, baba rẹ̀, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ti gba òmìnira.

Nígbà tí Paul fẹ́ kó àwọn ènìyàn dúdú wá sí Sàró, kì í ṣe Alpha, ọkọ̀ rẹ̀ ńlá oní-tọ́ọ̀nù 268, ni ó yàn, bí kò ṣe Traveller, oní-109. Ó tọ́ lójú wa: ọkọ̀ kékeré kò gba atukọ̀ púpọ̀, owó àpò ara rẹ̀ ni ó sì fi ṣe ọ̀pọ̀ ìnáwó náà.

Ní December 1815, ó gbé èrò 38 kúrò ní Westport. Ọmọdé ni 20 nínú wọn. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní February 1816, ìlú kan náà tí Àjàyí Crowther dé ní 1822. Cuffe kú ní 1817, kò tún rí Sàró mọ́.