Burt Munro: Bàbá ẹni ọdún 68 tó fi alùpùpù àtijọ́ ṣe ohun tí ayé ò gbàgbé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1978 ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ṣùgbọ́n àdúgbò wa níbí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ilé wọn ò jìnnà sí tèmi gbé alùpùpù ẹ̀ jáde sójú títì márosẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dé orí bíríìjì. Kò dé ibẹ̀. Tírélà kan dúró sínú òkùnkùn láìtan iná, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mẹkáníìkì alùpùpù ni ọmọ náà, ó sì mọṣẹ́ débi pé tó bá ti fetí sí ẹ́ńjìnnì lásán, á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi ni mo kọ ìròyìn ikú ẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Nígbà tí mo lọ kí màmá ẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ìlà mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tí ọmọ àwọn jẹ́ láyé. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nígbà yẹn ni pé orí àwọn ọmọ tó ń sáré lóru ò pé. Èmi náà sọ ọ́. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ka ìtàn Burt Munro, ẹnu mi ò gbà á mọ́.

Ta ni Burt Munro? Ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand ni, ní ìlú Invercargill, lápá gúúsù pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn kan nínú yín á ti wo fíìmù tí wọ́n fi ìtàn ẹ̀ ṣe, The World's Fastest Indian, tó jáde lọ́dún 2005, tí Anthony Hopkins kópa Munro nínú ẹ̀. Indian tó wà nínú orúkọ yẹn kì í ṣe ọmọ Íńdíà o. Orúkọ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe alùpùpù bàbá náà ni.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1899 ni wọ́n bí i. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n èkejì ẹ̀, obìnrin, kú nígbà ìbímọ. Àwọn dókítà sọ fún àwọn òbí ẹ̀ pé kí wọ́n má fọkàn sí i pé èyí tó kù máa pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọ tí wọ́n ní kò ní pẹ́ láyé yìí ló lo ọdún 78.

Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní Edendale. Kó tó mọ alùpùpù rárá, ẹṣin tó yára jù lóko bàbá ẹ̀ ló máa ń gùn. Bàbá ń bínú, ọmọ ń sáré. Ṣé ẹ rí i, àwọn kan wà tí eré ti wà lára wọn látìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹṣin lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá nǹkan mìíràn gùn.

Lọ́dún 1920, nígbà tó di ẹni ọdún 21, Munro ra alùpùpù Indian Scout. Ẹ́ńjìnnì 600cc ló ní. Bó ṣe jáde ní iléeṣẹ́, eré tó lè sá ò ju kìlómítà 89 ní wákàtí kan lọ. Ọ̀kadà tuntun tó ń kó èrò lóde òní lè sá tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn mìíràn ì bá lò ó fún ọdún mélòó kan, kó tà á, kó ra tuntun. Munro ò tà á. Ọdún 57 ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Láti ọdún 1926 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, tó ń tún un ṣe kó lè sáré sí i. Kò sí owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń yọ́ irin sínú agolo àtijọ́ láti rọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Sípóòkì ẹsẹ̀ alùpùpù ló sọ di ohun tó fi ń wọn nǹkan. Písítìnì àti sílíńdà, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Èyí tó bá fọ́ lónìí, á tún òmíràn rọ lọ́la. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti jókòó rí sí ìsọ̀ mẹkáníìkì alùpùpù, irú ọgbọ́n yìí ò ní ṣàjèjì sí yín.

Ìgbà kan wà tó gbìyànjú láti fi eré alùpùpù jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú rú, ó padà sóko lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ẹni tó ń ta alùpùpù, tó sì ń tún un ṣe. Ọ̀sán, á wà lẹ́nu iṣẹ́. Òru, á wà nídìí Indian ẹ̀. Nígbà mìíràn ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀, á sì tún gba ibi iṣẹ́ lọ.

Mi ò ní fi èyí tó burú pamọ́. Ó fẹ́ ìyàwó lọ́dún 1925, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà tú ká lọ́dún 1947. Nígbà tó yá, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kó lọ sínú gáréèjì kan, òun àti irin ẹ̀. Ohun tí èèyàn fẹ́ràn jù máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, bó ti wù kó dáa tó.

Níbo wá ni Munro ti ń sáré? Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nítòsí Invercargill, etíkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Oreti. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 26, iyanrìn ẹ̀ sì máa ń le gbagidi tí omi òkun bá fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́gbẹ́ alùpùpù ti ń díje. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe nìyí: àgbẹ̀ ni ẹnì kan, alápatà lẹnì kejì, tíṣà lẹnì kẹta. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù nínú wọn torí pé ó ń sáré. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á dí ojú ọ̀nà, wọ́n á yẹ alùpùpù kọ̀ọ̀kan wò bóyá bíréèkì ẹ̀ ń mú, akoto á wà lórí ẹni tó fẹ́ gùn ún. Ẹnì kan á di àsíá mú, ẹnì kan á di aago, áńbúláǹsì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kò bá sáré lónìí ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń sáré. Lọ́dún 1957, lórí iyanrìn Oreti, Munro sá kìlómítà 211 ní wákàtí kan, èyí tó ju ti ẹnikẹ́ni lọ létíkun ní New Zealand nígbà náà.

Ẹ má rò pé kò ṣubú. Ó ṣubú láìmọye ìgbà. Ẹgbẹ́ alùpùpù ò lè ní kí èèyàn má ṣubú. Ohun tó ń ṣe ni pé tí èèyàn bá ṣubú, kò ní bá tírélà pàdé.

Lọ́dún 1962, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń ronú owó ìfẹ̀yìntì, tí àyà sì ti ń yọ òun náà lẹ́nu, Munro gbé alùpùpù yẹn dé Bonneville, ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà. Adágún omi ayé àtijọ́ tó gbẹ ló wà níbẹ̀, tó ku iyọ̀ funfun lọ súà, ilẹ̀ ẹ̀ sì tẹ́jú bí àwo. Ó ti fi àpótí gígùn bí ẹja bo alùpùpù náà. Ṣe ló ń dojú bolẹ̀ sínú ẹ̀ kó tó wà á. Ó sá kìlómítà 288 ní wákàtí kan, ó sì gba ipò kìíní láyé nínú ìsọ̀rí ẹ̀. Ó tún gba òmíràn lọ́dún 1966. Lóṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí òun jẹ́ ẹni ọdún 68, tí alùpùpù ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 47, tó sì ti fẹ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dé 950cc, wọ́n kọ kìlómítà 295.453 sílẹ̀ fún un, nínú ìsọ̀rí ẹ́ńjìnnì tí kò tó 1000cc.

Wọn ò kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ o. Wọ́n á ní kó sá a lọ, wọ́n á ní kó sá a bọ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa ti èèyàn lẹ́yìn lápá kan. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Èyí tó bá jáde ni wọ́n á kọ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lọ́dún 1977, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó ta alùpùpù ẹ̀ fún oníṣòwò kan nílùú ẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò nílé. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1978 ló kú. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alùpùpù ìlú ẹ̀, Southland Motorcycle Club, ti ń ṣe ìdíje ọdọọdún tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ láti ọdún 2006, etíkun Oreti sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń sá a.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó mú mi jókòó fúngbà pípẹ́. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin yẹ ìwé ọdún 1967 yẹn wò, ó rí i pé wọ́n ṣi ìṣirò ṣe. Ẹgbẹ́ alùpùpù Amẹ́ríkà tún un ṣírò, wọ́n sì ṣàtúnṣe lọ́dún 2014: kìlómítà 296.259 ló sá. Kò tó kìlómítà kan tí wọ́n dá padà fún òkú ọdún 36. Ṣùgbọ́n ìwé wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí nǹkan dá padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ alùpùpù ní Èkó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, mi ò ní kẹ́ ẹ má sáré. Ẹ wá pápá tí ọkọ̀ kankan ò ní gbà kọjá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ dáwó áńbúláǹsì, ẹ ra aago. Ẹ pe àwa oníròyìn, a ó wá. Ẹ̀yin òbí àti aláṣẹ náà, tí wọ́n bá wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má kàn lé wọn padà sójú márosẹ̀.

Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ àdúgbò wa léèrè iye tó ń sá lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Kò sẹ́ni tó mú aago dání.