Oníṣègùn Cicely Williams

Ní erékùṣù Jàmáíkà ni a bí Cicely Delphine Williams ní ọdún 1893. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Oxford àti ní Lọ́ńdọ́nù, ó sì di oníṣègùn ní ọdún 1923. Ní ọdún 1929 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, láti máa tọ́jú àwọn ọmọdé.

Ní Accra ó bá àwọn ọmọ kan pàdé, tí wọn kò ju ọdún kan sí mẹ́rin lọ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ẹni tí kò mọ̀ lè ṣe bí ọmọ náà sanra ni, ṣùgbọ́n omi ni ó kún ara rẹ̀. Oúnjẹ kì í wù wọ́n, ẹkún ni wọ́n ń sun ṣáá, púpọ̀ nínú wọn a sì kú. Obìnrin yìí kò tijú láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá. Àwọn Gáà, tí ó ni Accra, ti ń pe àìsàn náà ní kwashiorkor, èyíinì ni àìsàn tí í ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Lójú tèmi, orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdáhùn: a gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ̀kọ àgbàdo nìkan ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè ohun tí ẹ̀kọ ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ògì ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ẹdẹ pàápàá fi dàgbà. Èròjà amáradàgbà ni a fi ń mọ ẹran ara. Amino acid tí ó jẹ́ oríṣi 20 ni ó sì para pọ̀ di èròjà náà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nitrogen àti hydrogen wà níhà kan, ásíìdì wà níhà kejì. Ìhà méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹ̀wọ̀n. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè dá ṣe, àfi kí ó rí wọn nínú oúnjẹ. Lysine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó kéré nínú àgbàdo, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹni tí ó fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ ti dí àlàfo náà láìmọ̀.

Ní ọdún 1933 ó kọ ìwé lórí àìsàn náà. Àwọn oníṣègùn kan takò ó pé pellagra tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Kò yẹsẹ̀, ní ọdún 1935 ó tún kọ òmíràn, ó sì lo orúkọ Gáà náà gan-an nínú rẹ̀. Wàrà ni ó fi ń wo àwọn ọmọ náà. Lónìí àwọn onímọ̀ gbà pé àìtó èròjà amáradàgbà nìkan kọ́ ni ó ń fa àìsàn yìí, ìwádìí sì ń lọ lọ́wọ́.

Láti Gánà a gbé e lọ sí Màléyà. Ní Singapore, ní ọdún 1939, ó dìde sí àwọn tí ń polówó wàrà inú agolo fún ìkókó dípò ọmú, ó sì pe ikú tí ó ń ti ibẹ̀ wá ní ìpànìyàn. Nígbà tí àwọn Jàpáànì gba ìlú náà ní ọdún 1942, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n títí ogun fi parí ní 1945. Ní ọdún 1948 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ. Ó kú ní Oxford ní ọdún 1992, ní ẹni ọdún 98.