Susanna Wesley Nígbà Opó Rẹ̀

Gbogbo wa ni a mọ Susanna gẹ́gẹ́ bí ìyá John àti Charles Wesley, tí ó bí ọmọ 19. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ìgbà opó rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1735 ni Samuel ọkọ rẹ̀, àlùfáà ìjọ Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, papòdà. Gbèsè ni ó fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an, obìnrin tí wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ wá gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹran ọ̀sìn opó náà nítorí pọ́ùn 15, bẹ́ẹ̀ iye ẹran náà ju pọ́ùn 40 lọ. Obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni o! John ni ó fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san owó náà.

Ilé tí wọ́n sì ti ń gbé, ti ìjọ ni. Àlùfáà mìíràn ń bọ̀, Susanna ní láti kó jáde ní ẹni ọdún 66. Ẹ̀yin ìyàwó òjíṣẹ́ tí ẹ ti gbé ilé míṣọ́n rí, ọ̀rọ̀ yìí yé yín jù mí lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ó wá ń gbé kiri. Ó kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ Emilia, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ ní Gainsborough. Kí ọdún náà tó parí, John àti Charles ti wọ ọkọ̀ lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà. Ìyá wọn kò dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ Samuel àkọ́bí rẹ̀ ní Tiverton, lẹ́yìn èyí sọ́dọ̀ Martha àti ọkọ rẹ̀, Westley Hall. Hall yìí fìyà jẹ Martha nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣìkẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1739, Samuel náà kú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, John ti gba ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá tẹ́lẹ̀, tí à ń pè ní Foundery. Ibẹ̀ ni ìyá rí yàrá tirẹ̀, tí àwọn ará ìjọ sì di ẹbí fún un. Nígbà tí Thomas Maxfield, tí kì í ṣe àlùfáà, bẹ̀rẹ̀ sí wàásù, John sáré dé láti dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọkùnrin náà. John gbọ́ ọ, ó sì gbà.

Ní oṣù keje ọdún 1742, ó sùn nínú Olúwa. John àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ yí ibùsùn ká, wọ́n sì kọrin ìyìn gẹ́gẹ́ bí ó ti pa á láṣẹ. Bunhill Fields ni wọ́n sin ín sí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì péjọ.