Jules Verne: Ọmọ Lọ́yà Tó Kọ̀wé Òṣùpá

Ẹ̀yin òbí tó ń fi dandan mú ọmọ ṣe lọ́yà, ẹ gbọ́ ti Jules Verne. Nantes, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní 1828. Lọ́yà ni bàbá ẹ̀. Ó rán an lọ kàwé òfin ní Paris, ó fẹ́ fi ọ́fíìsì lé e lọ́wọ́. Verne gboyè, àmọ́ ó kọ̀; ìtàn ló fẹ́ máa kọ.

Ní 1865, ó kọ ti àwọn tí wọ́n fi ìbọn àgbá yìn lọ sọ́nà òṣùpá láti Florida. Àwa ẹnjiníà mọ̀ pé àgbá yẹn á ti run wọ́n wómúwómú! Síbẹ̀, Florida náà ni Apollo 11 ti gbéra ní 1969.

Bàbá ẹ̀ kú ní 1871, lẹ́yìn tó ti rí i pé ìwé ọmọ òun ń tà. Verne ń kọ̀wé lọ ní Amiens títí tó fi kú ní 1905.