Isaac Boro: Ẹni Tí Wọ́n Tú Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Ikú

Omi Ọya àti Bẹ́núé tó pàdé ní Lọ́kọ́já wa yìí kì í dúró. Gúúsù ló ń ṣàn lọ, títí yóò fi dé ilẹ̀ àwọn Ijaw létí òkun. Níbẹ̀, ní Oloibiri, ni wọ́n ti bí Isaac Adaka Boro ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1938. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀.

Isaac ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó wọ Yunifásítì Nsukka láti kọ́ kẹ́mísìrì. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìbò yàn án ní ààrẹ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri; owó ń wọlé, ìṣẹ́ kò sì kúrò lára àwọn onílẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1966, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn gbé ìbọn, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè tiwọn. Ọjọ́ 12 péré ló gbà kí ọwọ́ ìjọba tó tẹ̀ wọ́n. Ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un.

Ẹ wo àánú! Ní ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon dárí jì í. Ọdún yẹn náà ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Boro wọ iṣẹ́ ológun, ó di Méjọ̀ lábẹ́ Benjamin Adekunle, ó sì ń jà lábẹ́ àsíá Nàìjíríà tó ti kọ̀ sílẹ̀ rí, kí ilẹ̀ Rivers lè bọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1968, wọ́n pa á nítòsí Ogu. Ẹni ọdún 29 ni.

Barabba ló wá sí mi lọ́kàn. Òun náà dìtẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì kò sọ ohun tó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. Ti Boro, a mọ̀ ọ́n. Èmi kò yin ìbọn rẹ̀. Jésù ní kí Peteru ti idà bọ àkọ̀. Síbẹ̀, ẹkún àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe irọ́, kò sì fi ìwọ̀nba oṣù tí wọ́n fún un ṣòfò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdájọ́ ikú wà lórí àwa náà kí Ẹnìkan tó kú dípò wa. Iye ọjọ́ tó kù, a kò mọ̀ ọ́n. Kí la ń fi ṣe?