Olóògbé Tẹsílímù Balógun, Agbábọ́ọ̀lù àti Olùkọ́ni

Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì gbogbo Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, inú gbogbo Rẹ́mọ sì dùn. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń bi àwa olùkọ́ léèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́, àti ohun tí yóò máa ṣe jẹun nígbà tí eré bá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ni ó mú kí a ronú kan Olóògbé Tẹsílímù Balógun. Kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ, Èkó ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni àwọn ọmọ wa ń tọ̀.

Thunder, èyíinì ni Àrá, ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí bí ó ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù le tó. Ní ayé ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù kì í jẹun nínú bọ́ọ̀lù rárá. Iléeṣẹ́ ni yóò gbà á sí iṣẹ́, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ẹ wo orúkọ díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí Tẹsílímù bá gbá bọ́ọ̀lù: Marine, Railway, SCOA, Pan Bank. Orúkọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn.

Ní ọdún 1949, ó wà lára àwọn 18 tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ díje. Etim Henshaw ni olórí wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a lórí pápá òyìnbó, ẹnu sì ya àwọn tí ó wá wòran.

Ní ọdún 1955, Tẹsílímù padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́tẹ̀ yìí láti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wà ní Peterborough United, ó lọ sí Skegness Town, ó sì dé Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1956. Ìdíje líìgì 13 ni ó gbá fún wọn, ó sì gbá góòlù 3 wọlé. Ẹni tí ń fi iye góòlù wọn ènìyàn lè sọ pé kò tó nǹkan. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí òtútù tó mọ́ ọ lára, kí ó tó gba ipò lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ ilé rẹ̀ tí ó ti ṣe é ṣáájú tí ì bá bi léèrè ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó wù wá jù. Nígbà tí eré ń lọ sópin, ó padà di akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. A máa ń kà á sí ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, òyìnbó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Ísírẹ́lì àti láti Hungary ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ìṣirò, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó lè gbé e wọ orí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù. A kò lè fi ẹsẹ̀ Àrá fún ẹlòmíràn, àfi kí a tú ọgbọ́n inú rẹ̀ síta, kí a sì máa fi kọ́ni díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní ilé, bọ́ọ̀lù Nàìjíríà dé ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Mẹ́síkò, Tẹsílímù sì wà lára àwọn olùkọ́ni wọn. Japan nà wọ́n ní 3 sí 1, Spain nà wọ́n ní 3 sí 0. Nígbà tí ó kan Brazil, ọ̀mì ni wọ́n ta, 3 sí 3.

Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1972 ni ó kú, kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ pápá ìṣeré tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tí ó gba nǹkan bí 24,000 ènìyàn. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i, ọdún 35 lẹ́yìn tí ó ti lọ.